Gìtá ẹni tí kò ṣe àwo rí, ibo la ti ń wá a?

“Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin kan wà ní Òṣogbo níbí tí à ń wá gbogbo ibi tí bàbá onígìtá kan ti ta gìtá. Bàbá náà ti sùn. Kò ní báńdì tirẹ̀, kò sì ṣe àwo kankan. Báńdì tó bá wọ̀lú ló máa ń lọ bá ta gìtá bí àlejò, orin kan tàbí méjì, á sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní lọ́dún 1984, níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Òkè-Fìà, ó gba gìtá lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá eléré jùjú kan lóru, gbogbo òde sì dìde. A ti wá a títí lórí YouTube. Méjì la rí tí wọ́n kọ ‘live Òṣogbo 1984’ sí. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí yín. Ọkùnrin kan nínú ọjà tún ní kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó wà lọ́wọ́ òun, ₦80,000 ló ń bù lé e. Ṣé ká san án? Àbí ká lọ bi rédíò Ọ̀ṣun? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, èmi náà ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Àbúrò mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ohun mẹ́ta lo bi mí: owó, YouTube, rédíò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn yín gan-an ni pé bí ẹ ò bá rí òru ọjọ́ kan yìí, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé bàbá yẹn ò ta gìtá rí láyé. Ó yé mi. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọn ò sì rán mi níṣẹ́. Láti 1979 títí CD fi lé wa kúrò nílẹ̀ ni mo fi ń da orin kọ kásẹ́ẹ̀tì fún èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Station Road. Ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ra nǹkan kan. Á kàn ní kí n tún ibì kan fi fún òun, kí òun lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ onígìtá ń ṣe níbẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan lòun fi ń ta tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ṣìnà ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ọ̀dọ̀ eléré lẹ ti ń wá a: orúkọ eléré lẹ ń tẹ̀ sórí fóònù, ọlọ́jà orin lẹ ń bi, rédíò lẹ fẹ́ gbà lọ. Kò sí níbẹ̀. Bí òru ọjọ́ náà bá ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan, ilé olóòkú ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lókè àjà, orúkọ tó sì wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti eléré. “Òkú Màmá” ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí. Àwọn òyìnbó tó ń lépa irú nǹkan báyìí, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí onígìtá kan yà sórí ìtàgé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ àti orin tó bá wọn ta, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́hùn-ún, olólùfẹ́ orin fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ lọ. Báńdì Grateful Dead ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ láti 1984 fún àwọn tó fẹ́ gba orin wọn sílẹ̀ lóde eré. Ohun tí wọ́n gbà ni wọ́n ń fún ara wọn láìgba owó, wọ́n á kọ ọjọ́, ìlú, irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò, àti ọwọ́ ẹni tí ẹ̀dà ti wá. Nígbà tó yá, ní 2002, Internet Archive, ilé ìkónǹkan-pamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí àyè fún wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òde eré ló sì wà níbẹ̀ lónìí. Nílẹ̀ wa, ta ló ni òde? Ẹni tó ṣe ìnáwó ni. Òun ló pe eléré, òun ló pe oní-fídíò, oní-fídíò sì mọ ẹni tó máa sanwó fún un. Màlúù ló ń yà, aṣọ ẹbí, àwọn àna tó ń jó wọlé, ẹni tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí. Onígìtá kì í wọ inú àwòrán àfi tí ẹni tó ń jó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ síbì kankan pé onígìtá báyìí-báyìí wà níbẹ̀. Onígìtá tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí àwo kò ní ìṣòro yìí. Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta irú gìtá tí wọ́n ń pè ní pedal steel fún King Sunny Adé, orúkọ rẹ̀ wà lára páálí Graceland, àwo tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ṣe ní 1986. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á kàn fi àwo náà sí i ni. Ṣẹ́gun Adéwálé, ọmọ Òṣogbo yìí kan náà, òun àti Ṣínà Peters jọ ṣe àwo, kálukú tún dá ti ara rẹ̀ ṣe. Bàbá tiwa kò ní páálí.

Ọ̀rọ̀ “live” náà ń tan èèyàn jẹ. Lẹ́nu àwa ọlọ́jà, “live play” ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóde àríyá, tó ní ariwo àwo oúnjẹ àti ti ọmọdé nínú. Lára páálí àwo, ohun tó bá wu ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló ń jẹ́. Ẹ wo èyí tí Fela àti Ginger Baker ṣe ní 1971, tí wọ́n sọ ní Live!. Àlejò ni Baker nínú rẹ̀. Onílù ni, kì í ṣe onígìtá, ṣùgbọ́n ọ̀ràn àlejò kan náà ni. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń búra pé Èkó ni wọ́n ti ṣe é, lóde ijó. Sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n kàn kó èèyàn wọlé kí àtẹ́wọ́ lè wà ni. Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ di CD, wọ́n fi ìlù tí Baker àti Tony Allen, onílù Fela, jọ lù ní Berlin lọ́dún 1978 kún un. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn páálí á rò pé òru kan náà ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún méje ló wà láàárín.

Ó tún ní èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí ẹ ò sì ní gbọ́ níbi tí ẹ ti ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹta 1971, ní Black Star Square ní Accra, Santana, onígìtá Amẹ́ríkà, gbé gìtá rẹ̀ dé ibi eré tí wọ́n pè ní Soul to Soul, Willie Bobo onílù sì bá báńdì rẹ̀ ṣe é. Ó wà nínú fíìmù rẹ̀. Ẹ lọ ra àwo orin tí wọ́n ṣe nínú eré kan náà lọ́dún yẹn, ẹ ò ní bá Santana níbẹ̀. Gbígbà sílẹ̀ ọ̀tọ̀, gbígbé jáde ọ̀tọ̀. Àlejò lọ́gàá tirẹ̀ níbòmíràn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo rẹ̀ jáde, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀gá náà má gbà kí ẹlòmíràn tà á.

Ní ti rédíò Ọ̀ṣun, ẹ rò ó wò. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1991 ni Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀. Ní 1984, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo wà, Ìbàdàn sì ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba wà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti wà láti 1959. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà á sílẹ̀ fún ìjọba nígbà náà, Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni ẹ ó wá a lọ. Ṣùgbọ́n kí lẹ rò pé wọ́n máa wá ṣe níbi òkú aládàáni lóru? Sítúdíò ni wọ́n máa ń pe eléré wá. Téèpù fídíò nígbà yẹn sì wọ́n, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kárí ayé ló ń tún un lò: eré tòní ni wọ́n ń gbà lé tàná lórí. Ẹnì kan tún lè sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n kó ẹrù Ulli Beier, òyìnbó tó bá àwọn òṣèré Òṣogbo ṣiṣẹ́, wá síbí. Ibi gidi ni fún ẹni tó ń wá Dúró Ládiípọ̀ àti àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèré Mbárí Mbáyọ̀ ti 1962. Àríyá Òkè-Fìà kò kàn án.

Kí ẹ tó máa bínú sí ẹnikẹ́ni pé kò tọ́jú nǹkan, ẹ wo bí òru yẹn ṣe máa ń rí. Eléré bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó di ìdájí kó tó kó ẹrù. Wákàtí méje nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì C90 tó gùn jù tí èèyàn sábà máa ń rí rà, ìṣẹ́jú 45 ló gbà lójú kan. Márùn-ún ni yóò gba òru kan tán, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó ti rédíò láti máa yí i padà. Ta ló fẹ́ jókòó ti rédíò níbi tí ẹran wà? Kásẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n máa ń rà, bóyá méjì. Wọ́n á gba ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí eléré ti ń ki olóòkú àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, torí ohun tí wọ́n sanwó fún nìyẹn. Àlejò onígìtá kì í sì í gun orí ìtàgé lákòókò yẹn, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó gùn ún. Aago méjì òru ni, nígbà tí olówó ti ná owó tán, tí ọ̀gá eléré fẹ́ lọ jẹun, tó wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bá a lọ. Ìgbà yẹn ni bàbá wa máa ń sún mọ́ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì ti tán nígbà yẹn, ọmọ tó ń yí i padà ti sùn sórí àga.

Àwọn ọ̀gá eléré kan tiẹ̀ wà tí kò fẹ́ kí wọ́n gba orin àwọn sílẹ̀. Mo bá ọ̀kan pàdé tí kì í jẹ́ kí rédíò kankan sún mọ́ sípíkà òun. Orin tí kò tíì wọ àwo ló ń dán wò lóde, ẹ̀rù ń bà á pé kó tó dé sítúdíò, a ó ti máa tà á ní Station Road. Mi ò lè dá a lẹ́bi, nítorí à bá tà á lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986. Náírà já wálẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì òfìfo di ọ̀wọ́n. Àwọn èèyàn ń ki bébà bọ ihò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè gbà kí wọ́n tún nǹkan mìíràn gbà lé e. Bí ìwàásù ṣe bo jùjú mọ́lẹ̀ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tó kọjá lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀, èyí tí wọ́n gbà nǹkan lé lórí kì í fi gbogbo ìgbà parẹ́ tán. Ní 2016, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan dé ilé ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá náà gbé àpò Ghana-must-go kan jáde, fídíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé wọn lé mi lọ́wọ́. “Ìkómọ” ni wọ́n kọ sára ọ̀kan. A fi í sí i, ìkómọ ni lóòótọ́: ọmọ, oyin, àlùfáà tó ń pẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ká yọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ. Ní bíi ogún ìṣẹ́jú, àwòrán gbọ̀n, ó já, a bá ara wa láàárín òru níbi òkú ọkọ ìyá náà, gìtá ń dún gooro. Ẹnì kan ló gba ìkómọ lé ìbẹ̀rẹ̀ òkú lórí, kò sì gùn tó o. Ìyá náà kò rí àwòrán ọkọ rẹ̀ yẹn mọ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. A ò gbọ́ gìtá kankan mọ́ lọ́jọ́ náà, torí ẹkún. Nítorí náà, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì gbọ́, ẹ má sì pa á títí yóò fi tán.

Ẹ wá jẹ́ ká wo méjì tí o fi ránṣẹ́. Èkíní, ayédèrú ni, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀ mọ́. Àwòrán òde kan ni wọ́n mú, wọ́n wá lẹ orin àwo mọ́ ọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fi mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi etí sí abẹ́ orin náà dáadáa, nǹkan kan ń dún “tá” níbẹ̀, ó sì ń padà dún bí aago. Àwo ńlá máa ń yí ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ó ń yí ká lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Ibi tó bá ti ha, abẹ́rẹ́ á máa kọsẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ibẹ̀. Mo fi aago fóònù wọn ti inú tiyín: mẹ́wàá rẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún. Kò sí òde àríyá tó ń ha bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún ni orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lọ sílẹ̀ títí tó fi kú. Ojú kan àwo kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Lóde, orin kì í rọra kú. Ìlù ló ń já a, tàbí kí iná lọ. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ onígìtá inú àwòrán wà nísàlẹ̀ ọrùn gìtá, níbi tí ohùn rírẹlẹ̀ wà, nígbà tí ohùn tí à ń gbọ́ wà lókè téńté. Onígìtá ni ọ́, wò ó dáadáa, ìwọ fúnra rẹ á rí i.

Èkejì ni mo jókòó tì. Òde gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe 1984. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún, eléré ń kí “ẹ̀yin ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun”, a sì ti sọ ọdún tí ìpínlẹ̀ yẹn dáyé. Nítorí náà, kò lè jẹ́ òkú Òkè-Fìà. Bóyá ẹni tó gbé e sórí YouTube ti gbọ́ ìtàn tí ẹ̀yin náà gbọ́, ló bá kọ ọdún yẹn sí i kí èèyàn lè wò ó.

Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ lọ sí ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n. Ohùn gìtá àkọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan fa okùn kan, ó yí i, ó tún fa á, bí ẹni ń gba gìtá tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, gìtá náà wọlé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí oní-sípíkà kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà. Gbogbo nǹkan tó ń ta wà láàárín ohùn méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ tí kì í kúrò lójú kan, ọ̀kan lókè tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo ìka méjì ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ó lo bíi ìṣẹ́jú méje. Ní àárín rẹ̀, gángan sọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ fún ọmọ Àyàn kan tí mo mọ̀, torí etí tèmi nínú ìlù kò tó nǹkan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní oríkì ni gángan ń pè, ó ń kí ẹnì kan káàbọ̀ sójú agbo. Oríkì bàbá wa ni. Àwọn ará ibòmíràn ń wá orúkọ àlejò lára páálí. Tiwa, ìlù ló ń dá a pè, bí a bá lè rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Kí ẹ má tíì máa yọ̀ o. Ẹgbẹlẹmùkù ọkùnrin ló ń jẹ́ oríkì yẹn nílẹ̀ Yorùbá, ìka méjì náà sì pọ̀ láàárín àwọn onígìtá àgbà. Ẹni tí orí rẹ̀ ti pinnu pé ẹni báyìí lòun ń gbọ́, òun náà ló máa gbọ́. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn, etí mi sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ má gba ẹ̀rí èmi nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí eléré tó bá a gbé ni kí ẹ fi ṣẹlẹ́rìí, kí ẹ má sì sọ ohun tí ẹ ń wá fún un kó tó gbọ́ ọ. Ẹ kàn bi í pé, “Ta lẹ rò pé ó ń ta á?”

Ìkìlọ̀ kan tún wà lórí yíyára orin, torí mo rí i pé ẹ kọ ọ́ pé kíì G sharp, ohùn tó fi díẹ̀ ga ju G lọ, ni wọ́n ta èkejì, ó sì yà yín lẹ́nu. Kò yẹ kó yà yín lẹ́nu. Rédíò tó ń lo bátìrì, bí bátìrì bá ń kú lọ nígbà tó ń gbà á, téèpù á máa falẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fi í sí ẹ̀rọ tó ń sáré bó ṣe yẹ, orin á yára, á sì gòkè. Bí ó bá fi nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún yára jù, G ti di G sharp nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà máa ń fi híhùn iná tó wà lábẹ́ orin tún un ṣe, torí iná NEPA ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí híhùn yẹn bá bọ́ sí ni wọ́n fi ń mọ bí téèpù ti sáré tó. Ọgbọ́n gidi ni, bí iná bá jẹ́ ti NEPA. Òde àríyá wa, jẹnẹrétọ̀ ni, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń falẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohùn agogo àti ti ẹni tó ń kọrin ni kí ẹ fi wò ó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹ má san ₦80,000 náà, ó kéré tán ẹ má tíì san án. Mi ò ní olè ni ọkùnrin náà. Ó lè dá a lójú pé ojúlówó ni, nítorí bí ẹni tó tà á fún òun náà ṣe sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó dé ọjà ti jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà ẹ̀dà. Gbogbo ìgbà tí a bá dà á kọ lariwo “ṣíìì” inú rẹ̀ ń ga sí i, gìtá ló sì ń kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibi tí ẹ̀yin bá mú, kì í ṣe ibi tí òun bá mú. Ẹ fi etí wá ohun tí mo sọ: àwo tó ń dún “tá”, orin tó rọra kú, orúkọ olóòkú tí eléré ń kì. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ìyá Òkè-Fìà yẹn, ẹ fún un lówó díẹ̀ kó jẹ́ kí ẹ da á kọ níwájú rẹ̀, kó sì mú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Bí kò bá gbà kí ẹ gbọ́ rárá, ẹ ti rí ìdáhùn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ òun gan-an ni, tí kò sì gbà kí ẹ dà á kọ, mi ò lè bá yín sọ pé ₦80,000 ti pọ̀ jù. Èmi á wá owó náà.

Ilé olóòkú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má lọ bí oníròyìn. Ẹ mú àgbà kan lára ẹbí yín dání, ẹ kí wọn kú àtẹ̀yìnwá, ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ bá wọn gbé fídíò Màmá sórí fóònù kí àwọn ọmọ-ọmọ lè máa rí i. Òótọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ o, kí ẹ sì ṣe é fún wọn kí ẹ tó sọ ti gìtá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókè òkun. Irú fídíò méjì ló wà tí wọn ò bára wọn mu: tiwa, PAL ni, ti Amẹ́ríkà, NTSC. Nígbà náà, ẹ̀rọ wọn lọ́hùn-ún kì í gbé tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ wo òkú ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n yí i padà. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi owó yí padà báyẹn, wọn kì í gba ìwàásù lé e. Ẹ tún bi wọ́n léèrè orúkọ oní-fídíò ọjọ́ náà, àti ẹgbẹ́ tí Màmá wà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ má fò ó: eléré jùjú kan náà ló ń bá wọn ṣe ìkórè, wọ́n sì máa ń tọ́jú tiwọn.

Bí ẹ bá rí gìtá bàbá gbọ́, ní 1984 tàbí nínú èkejì yìí, ẹ má sáré gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí owó lè wọlé. Òfin Copyright ti 2022 fún eléré ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, àwọn ọmọ bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé yín lọ́wọ́, ẹ má fi sí rédíò mọ́tò, ẹ má sì gbé fóònù sẹ́nu sípíkà kí ẹ máa gbà á bẹ́ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ogójì ọdún, ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi í sí i lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Ẹ wo ojú rẹ̀: bí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bá wà létí téèpù, ìbu ni, òjò ló fà á, ẹ má fi í sí ẹ̀rọ kankan. Ẹ wo fóòmù kékeré tó wà láàárín ẹnu rẹ̀. Òun ló ń tẹ téèpù mọ́ ẹ̀rọ, ó sábà máa ń ṣí bọ́ bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ti gbẹ lọ́yẹ́. Mo ní àwọn òkú kásẹ́ẹ̀tì nílé tí mo ń yọ fóòmù wọn lò. Ẹ má yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó wà níbi tó dúró sí, torí ibẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ ọ kẹ́yìn ti pa á, mo sì fẹ́ mọ ìdí. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, ẹ má gbé e lé orí sípíkà, irin òòfà tó lè ba orin jẹ́ wà nínú sípíkà. Ọ̀sán Sátidé ni kí ẹ gbé e wá, kí ọmọ Àyàn yẹn lè wà níbẹ̀.